Ọsàn Àárín Omi

Ìyàwó kì í pe orúkọ àwọn tí ó bá nílé ọkọ. Ọjọ́ tí mo wọlé ni wọ́n ti sọ ọ́ fún mi, n kò sì jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ ọdún mẹ́ta tó bá ti wà níbẹ̀ kí n tó dé, ọkọ mi ni, orúkọ tí mo bá fúnra mi sọ ọ́ ni mo máa pè é. Títí di òní tí orí mi ti funfun tán, n kò pe orúkọ ẹnì kan nínú wọn rí, inú ìwé yìí kọ́ ni mo sì ti máa bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ń wá orúkọ, kí ó lọ kà á lára sàréè wọn.

Ọkọ mi, iṣẹ́ káfíńtà ló ń ṣe. Abúlé wọn wà lẹ́yìn Ẹgbẹ́dá, lápá ibi tí èèyàn máa gbà lọ sí odò Ọ̀ṣun. Olódò ni wọ́n ti gbé èmi lọ síbẹ̀, ní ọdún tó tẹ̀lé òmìnira. Mùsùlùmí ni wá nílé tiwa, Aládùúrà ni wọ́n nílé tiwọn. Àwọn àbúrò bàbá mi kùn díẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá mi ní ọkùnrin tó bá níṣẹ́ lọ́wọ́, tí kì í mutí, tí kì í na obìnrin, bí ó bá wù ú kí ó máa gbàdúrà lórí igi, òun máa fún un lọ́mọ. Bí a ṣe ṣègbéyàwó nìyẹn. Mo fẹ́ràn ojú ọkùnrin náà, n kò ní purọ́, ṣùgbọ́n ojú nìkan ni mo mọ̀ nígbà náà. N kò tíì mọ ẹni tó ni ojú.

Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa mi nílé ọkọ. Mo mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́. Kì í ṣe ìlúwẹ̀ẹ́ àwọn ọmọdé nínú omi tó dé orúnkún o. Odò Ọ̀ṣun gan-an ni mo ń sọ, nígbà òjò, nígbà tí ó bá kún dé ẹnu.

Bàbá tó bí ìyá mi ló tọ́ mi títí mo fi pé ọmọ ọdún mọ́kànlá. Etí odò ni abúlé wọn wà, níbi tí kò sí afárá, iṣẹ́ bàbá náà sì ni kí ó máa fi igbá gbé èèyàn sọdá. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò mọ igbá yìí mọ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Odindi igbá ni, èyí tí wọn kò là, tó tóbi ju ìkòkò aró lọ. Wọ́n á lu ihò kékeré sí i lórí, wọ́n á da gbogbo inú rẹ̀ nù, wọ́n á fi ìda oyin dí ihò náà pa, wọ́n á sì fi okùn hun àwọ̀n bò ó. Ẹni tí wọ́n fẹ́ gbé á gbé àyà lé igbá lápá kan, onígbá á gbé àyà lé e lápá kejì, wọ́n á dojú kọ ara wọn, wọ́n á di ara wọn lápá mú. Igbá ló ń gbé yín ró, ẹsẹ̀ onígbá ló ń tù yín lọ. Iṣẹ́ ẹni tí wọ́n ń gbé kò ju méjì lọ: kí ó tú ẹsẹ̀ sílẹ̀ kí ó máa léfòó, kí ó sì pa ẹnu mọ́. Kí n tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mo ti ń gbé àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sọdá, bàbá àgbà á máa lúwẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Nígbà tí mo pé mọ́kànlá, mo gbé ìyá mi.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ ọkọ dé, ìyá mi kan náà yẹn ló pè mí sí kọ̀rọ̀, ó ní bí mo bá ti débẹ̀, n kò mọ omi. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní ṣé n kò mọ irú ilé tí mò ń lọ ni. Lójú ọ̀pọ̀ Aládùúrà ìgbà náà, obìnrin tó bá mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ojú lásán. Wọ́n á ní ẹ̀mí omi wà lára rẹ̀, pé ó ní ọkọ nínú odò, pé kò ní bímọ, bí ó bá sì bí i, odò á gbà á padà. Wọ́n á fi í sínú ààwẹ̀, ọlọ́jọ́ mẹ́ta á di ọlọ́jọ́ mọ́kànlélógún, bí kò bá sì tètè lóyún, wọ́n á di ẹrù rẹ̀ fún un. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí ẹnì kan tí a jọ dàgbà. Wọ́n dá a padà sílé kí ọdún tó yípo, bẹ́ẹ̀ ohun kan ṣoṣo tó ṣe ni pé ó bọ́ sódò láti lé garawa rẹ̀ tí omi ń gbé lọ.

Ilé tèmi tilẹ̀ tún le ju ti ẹlòmíràn lọ. Ìyá ọkọ mi bí ọmọbìnrin kan ṣáájú ọkọ mi. Ọdún méjìlá kí n tó dé ni odò Ọ̀ṣun gbé ọmọ náà lọ, nígbà tó ku oṣù díẹ̀ kí ó lọ sílé ọkọ. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò dárúkọ rẹ̀ mọ́ nílé yẹn, wọn kò sì dárúkọ odò. Omi kànga ni wọ́n ń mu, inú báàfù ni wọ́n ti ń wẹ àwọn ọmọ, ọkọ mi, géńdé ọkùnrin, kò ti ẹsẹ̀ bọ odò mọ́. Ọdún yẹn náà ni ìyá rẹ̀ wọ inú ìjọ aláṣọ funfun, ó sì di ẹni tí kì í fi àdúrà ṣeré. Nígbà tí wọ́n mú ọ̀rọ̀ mi lọ bá wòlíì wọn kí ìgbéyàwó tó wáyé, wòlíì ní òun rí mi, òun sì rí omi. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ tí mo wọlé, ìyá ọkọ mi fà mí mọ́ra, ó ní bí mo bá fẹ́ kí òun máa ṣe ìyá fún mi, kí ẹsẹ̀ mi má ṣe dé etí odò láé. Mo kúnlẹ̀, mo ní mo ti gbọ́, Ìyá. Mo fẹ́ kí ó fẹ́ràn mi, n kò sì fẹ́ kí wọ́n di ẹrù mi fún mi.

Ọjọ́ kẹsàn-án ìgbéyàwó wa bọ́ sí ọjọ́ tí ìyá ọkọ mi àti àwọn àgbà ilé lọ sí ìpàdé àdúrà ní Ìbàdàn. Wọ́n ní ó di ìrọ̀lẹ́ kí àwọn tó dé. Wọn kì í jẹ́ kí ìyàwó tuntun lọ oko, wọn kì í jẹ́ kí ó dáná. Orí ẹní ni mo jókòó sí, mò ń ka igi àjà. Ọkọ mi ń rẹ́ pákó lábẹ́ igi odán níwájú ilé. Ṣàdédé ni mo gbọ́ tí ayùn dákẹ́. Ó wọlé pẹ̀lú ẹ̀rún pákó lórí, ó ní kí n wọ aṣọ, a ń lọ sí erékùṣù.

Mo ní erékùṣù wo? Ó ní òyìnbó kan tí òun kan àga fún ní Ìbàdàn fi fọ́tò kan han òun. Òyìnbó náà àti ìyàwó rẹ̀ ló wà nínú fọ́tò, lórí ilẹ̀ kan tí omi yí ká, igi àgbọn lọ́tùn-ún, igi àgbọn lósì, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò níṣẹ́ kankan láyé. Ó ní bí àwọn bá ti gbéyàwó, irú ibẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé e lọ, kí àwọn méjèèjì lè dá wà kí wọ́n sì mọ ara wọn. Ọ̀rọ̀ náà ti wà nínú ọkọ mi láti ìgbà yẹn. Ó ní ṣé òyìnbó nìkan ló ní erékùṣù ni? Àwa náà ní tiwa. Bàbá òun ló dá oko obì síbẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, Àárín Omi ni wọ́n ń pè é, ó sì ti pé ọdún méjìlá tí ẹnikẹ́ni nílé ti débẹ̀ kẹ́yìn.

Mo rán an létí ohun tí ìyá rẹ̀ sọ. Ó ní a máa ti padà kí wọ́n tó dé. Gbogbo obìnrin tó ti gbé nílé ọkọ ló mọ gbólóhùn yẹn. Ó yẹ kí n kọ̀, n kò sì ní dá ọkọ mi nìkan lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo ti wà lórí ẹní, ọmọ etí odò ni mí, ọkùnrin tí n kò tíì mọ̀ sì dúró níwájú mi tó ń bẹ̀ mí. Mo wọ aṣọ.

A di gààrí àti ẹ̀pà, a mú àdá àti agolo kan tí a máa fi pò ó, ọkọ mi gun kẹ̀kẹ́, mo jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Ìgbà kòkó ni. Wọ́n ń sá kòkó lójú ọ̀nà, òórùn rẹ̀ gba gbogbo inú oko. Gbogbo ẹni tó kí wa ló ń béèrè ibi tí a ń gbé ìyàwó tuntun lọ, ọkọ mi á sì dáhùn gbàǹgbà pé erékùṣù ni. Wọ́n ń fi wá rẹ́rìn-ín, kò sì dùn ún. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ mọ nǹkan kan nípa rẹ̀: bí ọ̀rọ̀ bá ti dá a lójú, ẹ̀rín ẹlòmíràn kì í mì í.

Onígbá tó wà létí odò náà, bàbá arúgbó kan ni, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, gbogbo ara rẹ̀ ló jẹ́ iṣan. Igbá méjì ló ní, ńlá tó fi ń gbé èèyàn àti èyí tó kéré tó fi ń gbé ẹrù. Ó fi òkúta dúdú kan hàn wá nínú omi lẹ́bàá ibi tó jókòó. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí òun bá ṣì rí orí òkúta yẹn, òun máa gbé èèyàn. Bí omi bá ti bò ó, ọba ì báà dé, ilé ni òun ń lọ. Mo mọ òfin náà. Bàbá àgbà mi náà ní òkúta tirẹ̀.

Ọkọ mi ni wọ́n kọ́kọ́ gbé. Ó di ojú, ó di ẹnu, ó di bàbá náà lápá bí ẹni tí wọ́n fẹ́ já nǹkan gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó yá ó sọ fún mi pé àdúrà ni òun ń gbà. Nígbà tó kàn mí, mo pinnu láti ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Mo mú ara le, mo ń gbọ̀n. Ṣùgbọ́n bí àyà mi ṣe kan igbá báyìí, ara mi gbàgbé pé irọ́ ni a ń pa. Ẹsẹ̀ mi tú sílẹ̀ fúnra rẹ̀, àgbọ̀n mi sì sùn lé ẹ̀gbẹ́ igbá níbi tó yẹ kó wà. Bàbá náà wò mí. Kò tíì tu ẹsẹ̀ ní ìgbà márùn-ún tó fi bi mí ní ohùn kékeré pé ta ló kọ́ mi, nítorí ẹnì kan ṣoṣo lórí odò yìí ló ń kọ́ èèyàn láti gbé àgbọ̀n lé igbá bẹ́ẹ̀, ẹni náà ló sì kọ́ òun. Mo mi orí, mo fi ojú tọ́ka sí ọkọ mi létí odò lọ́hùn-ún. Àgbàlagbà ni, ó yé e, kò sì béèrè mọ́.

Bí mo ṣe gun òkè, ọkọ mi ti dúró tó kó ọwọ́ lé ìbàdí. Ó fẹ́ mọ ìdí tí bàbá náà fi gbọ́dọ̀ di mi lápá mú tó bẹ́ẹ̀, àti ohun tó ń sọ sí mi létí. Mo ní bí ó ṣe di òun náà mú ni. Ó rò ó wò, ó rẹ́rìn-ín. Bàbá fi igbá kékeré tó fi okùn fà tẹ̀lé wa sílẹ̀ fún wa pẹ̀lú ẹrù tó wà lórí rẹ̀, ó ní bí oòrùn bá ti fẹ́ dé orí igi ọ̀pẹ tó wà lápá ìwọ̀ oòrùn, òun á padà wá kó wa.

Àárín Omi kò ní igi àgbọn kankan. Igbó ti bo oko obì, ìtàkùn ti so àwọn igi mọ́ ara wọn, ẹyẹ nìkan ló ń gbé ibẹ̀. Bí èèyàn bá dúró láàárín, á máa gbọ́ omi lọ́tùn-ún àti lósì. Ọkọ mi fi àdá la ọ̀nà fún mi, ó ń fi ibi tí ahéré bàbá rẹ̀ wà hàn mí, ibi tí wọ́n ti ń sun iṣu, ibi tí ejò ti lé òun. N kò gbọ́ kí ó sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti dé ilé wọn. A po gààrí nínú agolo kan náà, ẹnì kan á mu, á gbé e fún ẹnì kejì. Ọjọ́ yẹn ni mo rí i pé bí òyìnbó ṣe wèrè tó, ó mọ nǹkan kan.

Lẹ́yìn oúnjẹ ló mú mi dé ìdí igi ọsàn. Igi kan ṣoṣo ni, ó dúró ní gbangba, ó so débi pé ẹ̀ka rẹ̀ tẹ̀ dé ilẹ̀. Ọkọ mi dúró tó ń wò ó. Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi pé ẹ̀gbọ́n òun ló gbìn ín. Ọsàn kan tí ìyá wọn rà fún wọn lọ́jà ló fi kóró rẹ̀ pamọ́, ó sì gbìn ín síhìn-ín. Ẹ̀gbọ́n náà ní ó máa pẹ́ kó tó so, àwọn ọmọ òun ló máa jẹ ẹ́. Ọjọ́ tó kú, kò ju kí ó wá wo igi náà lọ. Nígbà tó fẹ́ padà, ilẹ̀ ń ṣú, onígbá kò sí nítòsí, kò fẹ́ kí ìyá wọn dé ilé kí ó má bá òun. Ó mú igbá ẹrù, ó dá bọ́ sómi. Kò mọ omi.

Ọkọ mi sunkún, ọkùnrin tó ń fi ìka lásán ká ìṣó. Mo dì í mú, èmi náà sunkún. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti fẹ́ràn rẹ̀, kì í ṣe níwájú pẹpẹ. Mo sì fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ara mi fún un nígbà náà, ó wá sí mi lẹ́nu, mo gbé e mì. Báwo ni èèyàn ṣe fẹ́ sọ nídìí igi yẹn pé òun mọ omi?

Ó sùn díẹ̀ lábẹ́ òjìji. Èmi kò sùn. Mo gbọ́ ọ kí ó tó dé: ohùn omi yí padà, ó kúrò ní ìkùnsínú, ó di ìkùn gidi. Òjò ti rọ̀ lókè odò lọ́hùn-ún, bẹ́ẹ̀ ojú ọ̀run tiwa mọ́ gaara. Ó yẹ kí n jí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo jókòó, mò ń rò ó pé bí mo bá jí i, á bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ̀. Ìjókòó yẹn ni mo kábàámọ̀ jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí a dé etí omi, ewé àti ìfófòó ti ń sáré lọ lójú rẹ̀, orí òkúta dúdú kò sì sí mọ́.

Bàbá onígbá wà lódìkejì odò. Ó ké sí wa pé ó di àárọ̀ ọ̀la, pé apá òun kò ká omi yìí mọ́. Ó sọ ọ́ tán, kò sì lọ. Ó jókòó, ó ń wo èmi.

Ọkọ mi ń lọ, ó ń bọ̀ létí omi. Ó ní ìyá òun á dé láti Ìbàdàn, kò ní bá wa, gbogbo ọ̀nà ni wọ́n sì ti rí wa tí a ń lọ sódò. Ó ní ìyá òun kò ní gbé e di àárọ̀, ẹ̀mí á bọ́ lára rẹ̀. Òtítọ́ ló sọ. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti bọ́ ẹ̀wù, ó ti gbé igbá ẹrù mọ́ra, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wà nínú omi. Igbá ẹrù ni. Ilẹ̀ ń ṣú, kò sì fẹ́ kí ìyá rẹ̀ dé ilé kí ó má bá òun.

“Ẹ gbé igbá yẹn sílẹ̀,” mo ní. “Mo mọ omi.”

Ó yíjú padà. “Kí lo sọ?”

“Mo mọ omi. Onígbá ni bàbá tó bí ìyá mi. Láti kékeré ni mo ti ń gbé èèyàn.”

Ó wò mí. Ó fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, mo rí ẹsẹ̀ náà, ó dùn mí dé egungun. Mo mọ ohun tó ń rò: wòlíì rí i, ó sì rí omi. N kò bẹ̀ ẹ́. N kò búra fún un pé èèyàn ni mí. Mo kàn nawọ́, mo ń dúró dè é kó gbé igbá wá. Ìyẹn ni ìwà mi, ó ti kó mi yọ, ó sì ti kó mi sí i. Ó gbé igbá náà wá.

“Ṣé o lè gbé mi?”

“Bí ẹ bá lè pa ẹnu mọ́.”

Mo mú un gba etí erékùṣù lọ sókè títí a fi dé ṣóńṣó rẹ̀, nítorí ẹni tó bá bọ́ sómi ní ọ̀kánkán ibi tó ń lọ, ìsàlẹ̀ ló máa bá ara rẹ̀. Ó ti ká ọsàn márùn-ún, ó fi gèlè mi dì í mọ́ ọrùn. Mo ní kí ó dà á nù. Ó ní gbogbo ohun tí mo bá sọ ni òun máa ṣe lónìí, àyàfi ìyẹn. Mo sán ìró mọ́ ìdí, mo kọ́ ọ bí ó ṣe máa gbé àyà, mo ní kí ó tú ẹsẹ̀ sílẹ̀, kí ojú rẹ̀ má kúrò lójú mi, bí omi bá wọ ẹnu rẹ̀ kí ó gbé e mì. Ó di apá mi mú, a bọ́ sí i.

Omi náà tutù, ó sì lágbára ju bí mo ṣe rò lọ. Igbá kéré fún èèyàn méjì, omi ń dé wa ní àgbọ̀n. Bàbá àgbà máa ń sọ pé a kì í bá omi jà, a máa ń bá a lọ ni, kí a máa tu ẹsẹ̀ sí ibi tí a ń lọ díẹ̀díẹ̀. Bí mo ṣe ṣe nìyẹn. Ní àárín gbùngbùn, ìtì igi kan ń bọ̀ wá bá wa. Ọkọ mi rí i lójú mi pé nǹkan ń bọ̀ lẹ́yìn òun. Kò wẹ̀yìn, kò sọ̀rọ̀, kò já ọwọ́. Mo dá ẹsẹ̀ dúró, igi náà kọjá, ewé rẹ̀ fà wá létí. Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í tu ẹsẹ̀. Ìsàlẹ̀ jìnnà sí èbúté ni a gun sí, bàbá onígbá sáré gba etí odò wá, ó fà wá gòkè. Ó fi ọwọ́ kan orí mi, ó ní bàbá àgbà tó kọ́ mi kò kú.

Lórí kẹ̀kẹ́, ọkọ mi ní a máa sọ pé òjò ló pa wá. Mo ní ó dára. Ó rẹ̀ mí, mo sì ṣì fẹ́ ilé náà.

Wọ́n ti dé. Ìyá ọkọ mi jókòó lójú ọ̀nà àbáwọlé pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn, kò tíì bọ́ ọ, àwọn àgbà ilé dúró yí i ká. Ẹnì kan ti sọ ibi tí wọ́n ti rí wa fún un. Kò pariwo. Ó dìde, ó fi ọwọ́ kan orí ọkọ mi, ó fi kan èjìká rẹ̀, ó fi kan apá rẹ̀ méjèèjì, bí ẹni tó ń ka nǹkan. Ọkọ mi ní òjò ló pa wá. Ìyá náà wo ilẹ̀. Eruku ló wà nílẹ̀.

Ó tú gèlè mi kúrò lọ́rùn ọmọ rẹ̀, ọsàn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rí i pé bí a bá ń pa irọ́ yìí lọ, inú irọ́ ni mo máa gbé títí mo fi máa kú. Mo kúnlẹ̀. Mo ní òjò kò pa wá, Ìyá. Mo ní mo mọ omi, onígbá ni bàbá ìyá mi, odò kún mọ́ wa lórí, èmi ni mo gbé ọmọ wọn sọdá. Mo ní ọsàn tó wà lọ́wọ́ wọn, orí igi tí ọmọ wọn obìnrin gbìn ni a ti ká a.

Ìyá àgbà kan lẹ́yìn ní ẹ̀mí omi ni, ó ní wòlíì kúkú ti rí i. Àwọn yòókù mi orí. Mo ti ń wo yàrá níbi tí àpótí mi wà. Ọsàn ni ìyá ọkọ mi ń wò.

“Ó ti so?” ó ní.

“Ó ti so, Ìyá. Ẹ̀ka rẹ̀ ti dé ilẹ̀.”

Ó ní kí wọ́n fún òun lọ́bẹ. Ó bó ọsàn náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó jẹ ẹ́ tán níṣojú gbogbo wa, omi rẹ̀ ń kán sí aṣọ funfun, kò nù ún. Ó kó kóró rẹ̀ sétí ìró, ó so ó. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí ìyá àgbà yẹn.

“Odò gba ọmọ kan lọ́wọ́ mi,” ó ní. “Ìyàwó yìí gba ọ̀kan lọ́wọ́ odò. Èwo ni kí n lé?”

Ó ní kí n dìde kí n lọ bọ́ aṣọ tútù, kí òtútù má mú mi.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí omi fà tí òkúta dúdú yọ dé ìdí, ìyá ọkọ mi ní kí n mú òun lọ wo igi náà. Bàbá onígbá yá wa ní igbá ńlá, ó jókòó, ó ń wò wá. Mo sọ òfin méjèèjì fún un bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún gbogbo èèyàn: kí wọ́n tú ẹsẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì pa ẹnu mọ́. Ó gbé àyà lé igbá, ó di apá mi mú. Títí a fi dé àárín odò, kò sọ̀rọ̀. Níbẹ̀ ló ti ṣí ẹnu, ó sì pe orúkọ ọmọ rẹ̀. Ó tún un pè. Èmi tí n kò gbọ́ ọ rí, ẹnu ìyá rẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. N kò sọ fún un pé kí ó dákẹ́. Mo ń tu ẹsẹ̀ lọ.